Ìkíni Kì Í Dúró Lójú Ọ̀nà

Irinwó ìkíni ló gba inú Asẹ́ kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Fẹ̀yíntọlá gbé àwo iṣu rẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ pátákó iná tó wà lára ògiri, ó sì tún iye náà kà. Kò ṣì í kà. Láti oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti fi í jẹ Ìyá Ìpín ìlú Òkè-Àsálà, kò tíì rí ìkíni tó ju ọgọ́ta lọ nínú ìṣẹ́jú kan rí, ọjọ́ tí ìyàwó Baálẹ̀ bí ìbẹta sì ni ọjọ́ náà.

"Wọ́n ti rí ọkọ̀ náà nìyẹn," ni Bámitálẹ̀ wí láti ìhà kejì yàrá. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn lórí òpó ìlú, kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Ẹnì kan ti gun orí àpáta lọ wò ó."

Ara Fẹ̀yíntọlá yá gágá. Ta ni ara rẹ̀ kò ní yá? Ogójì ọdún gbáko ni òkun ti gba gbogbo etíkun, tó gé ọ̀nà láàárín àwọn tó sá gun òkè àti àwọn tó ní àwọn ò ní fi omi sílẹ̀ lọ síbì kankan. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń rí ara wọn nínú dígí ayélujára, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Lónìí ni ọkọ̀ òfurufú àkọ́kọ́ tí Òkè-Àsálà fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Omi bọ̀. Èèyàn mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí agbo ilé kan nílùú tí kò ní ẹni tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, Iyùnadé ni, àbúrò Fẹ̀yíntọlá, ọmọ ìyá rẹ̀, tí kì í gun kẹ̀kẹ́ ológeere kó má ṣubú nígbà tó wà ní kékeré.

Ilé ìpín kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ. Ìdí òpó ìlú gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń wọ ìlú tàbí tó ń jáde, orí òpó ló ń gbà, kó sì tó gun òpó, inú Asẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Asẹ́ yìí dúdú, ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó, ó sì ń kùn tọ̀sán tòru. Lókè rẹ̀ ni korobá iná àwọn agbo ilé tò sí lára ògiri rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń fi ìpín ọ̀nà òpó tó kan agbo ilé kọ̀ọ̀kan hàn. Korobá Baálẹ̀ kò tóbi ju ti opó tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkè lọ. Bí èèyàn bá ti ń ṣẹ́jú, ẹ̀kán kan á kán sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí kò bá lo tirẹ̀, yóò kún; ẹni tí tirẹ̀ bá kún, ó lè dà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà kó fi wo eré tàbí kó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ̀; bó bá sì kún tó ń dà sílẹ̀, ìkòkò gbogbogbòò ló ń dà sí. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Fẹ̀yíntọlá rẹ́ òun jẹ.

Korobá tirẹ̀ ló wà ní ìparí, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni ẹ̀kán sì ń dé inú rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ máa ń tutù tán kí ojú ìyá rẹ̀, tó ń gbé ìlú mìíràn, tó yọ lójú dígí. Kò ráhùn. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ sára ilẹ̀kùn kó tó gba kọ́kọ́rọ́: *Ẹni tó pín ni í mú kẹ́yìn.*

Òfin kan wà lókè èyí, lẹ́tà tirẹ̀ sì tóbi jù ú lọ: *Ìkíni kì í dúró lójú ọ̀nà.* Iṣẹ́ ní korobá, fàájì ní korobá, ṣùgbọ́n ìkíni kò ní. Ìkíni dé, kí gbogbo nǹkan yà fún un. Télọ̀ kan wà nílùú tó máa ń fi "Ẹ káàárọ̀ o" síwájú àwòrán ogójì aṣọ, kí Asẹ́ lè rò pé ọmọlúwàbí ló ń kí èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Fẹ̀yíntọlá ti mú un, ó sì ń bẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ó ń fi ẹ̀bẹ̀ náà polówó aṣọ.

Ìkíni ti di ẹgbẹ̀ta.

"Ìyá Ìpín," ni Bámitálẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ wá wo nǹkan."

Ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ rẹ̀. Ọyẹ́ ti mú láti àárọ̀, kùrukùru sì ti bo gbogbo orí òkè. Iyùnadé kò lè fojú ara rẹ̀ rí àpáta méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ohun tó gbójú lé ni ọ̀rọ̀ tí òpó ń sọ fún ọkọ̀ náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan: atẹ́gùn báyìí láti ìlà-oòrùn, atẹ́gùn báyìí láti ìsàlẹ̀, yà díẹ̀, rọra. Ní àárọ̀, ọ̀rọ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹni tó sọ ọ́ tó pa ẹnu dé. Ní báyìí, Bámitálẹ̀ ní, láàárín kí òpó sọ ọ́ àti kí ọkọ̀ gbọ́ ọ, èèyàn lè sín lẹ́ẹ̀mejì kó sì nu imú.

"Korobá ọkọ̀ náà kún," ni Fẹ̀yíntọlá wí.

"Ó kún. Ẹnu ọ̀nà ni kò rí gbà."

Ó wá yé e. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ọkọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe òfin, kò sí ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ òpó lè gbé ẹ̀mí èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà inú iṣẹ́ ni Asẹ́ kà á sí, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ yà fún ìkíni. Ìkíni ayé ìsinsìnyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ojú ẹni tó ń kíni á wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀, oríkì, àti àwọn ọmọ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń juwọ́. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí Yorùbá tí wọ́n á kí tí kò ní dáhùn. Ìlú ní ẹ kú ewu ọ̀nà, àwọn inú ọkọ̀ ní ẹ kú ilé. Ìlú ní ara ò le bí, wọ́n ní a dúpẹ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Ọ̀nà òpó kan ṣoṣo ni lílọ àti bíbọ̀ ń gbà, ọ̀kan sì ń bí mẹ́ta.

Ohùn Iyùnadé dé, ó ń já, ó ń so. Ó ní atẹ́gùn tí wọ́n ń sọ fún òun kọ́ ni òun ń bá pàdé. Ó ní òun ti bẹ àwọn èrò pé kí wọ́n dákẹ́ ìdáhùn díẹ̀, màmá àgbà kan sì ti bi òun pé, "Ṣé kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí mi kí n dijú ni, àbí wọn ò kọ́ ọ nílé?" Lẹ́yìn náà ó sọ ohun kan tí wọn ò gbọ́ dáadáa. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù kó dé orí pápá.

Fẹ̀yíntọlá pe Bàbá Olúgbọ̀dí, olórí àwọn àgbà ìlú, tó wà lórí pápá pẹ̀lú gbogbo èèyàn. Ìpè kì í ṣe ìkíni. Ó tò sẹ́yìn, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lára ògiri bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀pá pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Asẹ́. Bí Ìyá Ìpín bá fà á wálẹ̀, ìkíni yóò dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá yóò fúnra rẹ̀ padà sókè, àfi bí àgbà ìlú bá fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún Asẹ́ pé kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì fà á láìgbàṣẹ, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó tíì fà á rí. Àwọn Ìyá Ìpín mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ kàn máa ń nu eruku orí rẹ̀ ni.

Gbogbo ìlú ló mọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún kejì tí òkun gba ilẹ̀, ìyá Bàbá Olúgbọ̀dí ń kú lọ lórí omi. Olúgbọ̀dí, tó ṣì jẹ́ géńdé nígbà náà, kí i láàárọ̀, ó kí i lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìlú ń wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ìkíni rẹ̀ sì tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù títí màmá fi dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà níbẹ̀ ló sọ ohun tí màmá wí kẹ́yìn: "Olúgbọ̀dí ò tiẹ̀ kí mi." Omijé ìlú ló bí òfin náà. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ yìí.

Ọwọ́ Fẹ̀yíntọlá dé orí ọ̀pá, ó sì kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń wa ọkọ̀ yẹn, ì bá ti fà á. Àbúrò rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó máa mú kẹ́yìn, ṣé ó wá fẹ́ dá gbogbo ìlú dúró kí ọmọ ìyá rẹ̀ lè kọjá? Ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pàápàá. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀mí èèyàn mọ́kànlélógójì ló ń já òun láyà, tàbí ẹ̀mí ẹnì kan.

Ó sọ ọ́ jáde fún Bámitálẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn.

Bámitálẹ̀ gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ yọ Iyùnadé kúrò níbẹ̀," ni ó wí. "Ó ku ogójì. Ṣé ẹ ò ní fà á nítorí ogójì?"

Ó fà á.

Asẹ́ dákẹ́ kíkùn. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ìpè sọ, orí ìkúnlẹ̀ la ti ń bá àgbà sọ ọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìpín wà lọ́rùn rẹ̀, ó bọ́ ọ sọ́wọ́, ó sì ré kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Sáré, Fẹ̀yíntọlá, sáré. Láti ilé ìpín dé pápá kò ju ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ lọ, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, bàtà rẹ̀ kan sì kù sójú ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn. Nínú gbogbo ẹ̀rù yẹn, ohun kan ń dùn nínú rẹ̀ tí kò lè ṣàlàyé, bí ìgbà tí òun àti Iyùnadé máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí kan náà tí wọn ò ní lè dúró mọ́.

Gbogbo ìlú ló wà lórí pápá. Dígí ọwọ́ wọn ti dúró, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń nà án sókè, wọ́n ń bi ara wọn bóyá òpó ló wó. Bàbá Olúgbọ̀dí jókòó ní iwájú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wáyà rẹ̀ já sínú Asẹ́, dígí tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ọjọ́sí wà nínú ọkọ̀ náà, ó ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún, láti ọjọ́ mẹ́ta sì ni Bàbá ti ń to ìkíni tí yóò fi pàdé rẹ̀ pọ̀. Ó kù díẹ̀ kó parí.

Fẹ̀yíntọlá kúnlẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàbá, òpó ò wó. Èmi ni mo dá ìkíni dúró."

Ariwo sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ní ṣé nítorí àbúrò rẹ̀ ni. Fẹ̀yíntọlá ò yíjú sí i. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò òun wà níbẹ̀, òun ò sì lè fi ọwọ́ sọ àyà pé kò sí lára ìdí rẹ̀. Ó wá sọ ìyókù wéréwéré: kùrukùru, àpáta, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn tó ń pẹ́ dé. Ó ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ló kù kí ọ̀pá padà sókè, ohùn Bàbá nìkan ló sì lè dá a dúró. Ó ní kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun bó bá tán, òun ò ní jà.

Bàbá Olúgbọ̀dí tẹ orí ba. Ó ń wo dígí orí itan rẹ̀, níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dúró láàárín ẹ̀rín. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Fẹ̀yíntọlá ń kà á nínú ikùn, ó sì ń rò ó pé bí òun bá jẹ́ bàbá yìí, òun ò mọ ohun tí òun máa ṣe.

"Kì í ṣe pé ìkíni mi pẹ́ ló dun ìyá mi," ni Bàbá wí níkẹyìn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kò mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni. Ká ní ẹnì kan lè sọ fún un pé ó ń bọ̀ ni, ì bá dúró dè é."

Ó dojú dígí rẹ̀ dé. Ó fa ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ra, ó sì gbé ọwọ́ rẹ̀ tó ní ìka mẹ́fà sókè, pápá sì pa lọ́lọ́.

"Asẹ́, èmi Olúgbọ̀dí ni. Kí ìkíni dúró. Tèmi ni kó kọ́kọ́ dúró. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí o jẹ́ kó kọjá, òun náà rèé." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn wa, gbogbo Òkè-Àsálà kí yín. Ìkíni yín ń bẹ lọ́wọ́ wa, kò sọnù, ẹnu la máa fi kí yín. Èmi àgbà ni mo wí: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáhùn títí ẹsẹ̀ yín yóò fi kan ilẹ̀."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ náà lọ, ìdáhùn kankan kò sì padà wá. Bámitálẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé òun ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lórí òpó látìgbà tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, pé ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ń dé inú ọkọ̀ kí òun tó ṣẹ́jú tán.

Àwọn tó wà lórí pápá gbọ́ ọkọ̀ náà kí wọ́n tó rí i. Ó ń kùn nínú kùrukùru, ní ìhà tí kò yẹ kó ti máa kùn, ìhà ibi tí àpáta wà. Obìnrin kan di ojú rẹ̀. Fẹ̀yíntọlá kò di tirẹ̀. Ó rí ikùn ọkọ̀ náà tó yọ, wúruwùru, ó fẹ̀, ó ṣókùnkùn, ó ń bọ̀ lórí àpáta tààrà. Lẹ́yìn náà ó rí i tó gbọ́rọ̀, ó yà sọ́tùn-ún, ó gbé imú sókè díẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kọjá. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju gígùn ẹní kan lọ. Okùn já bọ́ sílẹ̀ láti inú rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọwọ́ sì dì í mú.

Kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. Màmá àgbà kan ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ kilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti rí i dájú pé ilẹ̀ ni, ó wá wo gbogbo ìlú lójú.

"Ẹ kú ilé o," ni ó wí.

Ìgbà náà ni pápá bú. Ẹgbẹ̀rún méjì ẹnu ló ní ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtijọ́, àwọn kan ń sunkún, wọ́n ń rín, wọ́n ń di ara wọn mú ní orí àti apá bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà. Bàbá Olúgbọ̀dí ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níwájú màmá àgbà náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ohun tó tò pọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò rántí ọ̀kan. Màmá sì ń fi ọwọ́ pa á lórí, ó ń ka ìka rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Nígbà tó dìde, ó gbé kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀, ó fi lé Fẹ̀yíntọlá lọ́wọ́. Ó ní kó lọ tú ìkíni sílẹ̀. Ó ní òfin ṣì jẹ́ òfin, àwọn àgbà á jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́la, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ náà padà. Fẹ̀yíntọlá ní òun ti gbọ́. Ó padà lọ, ó ṣa bàtà rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gbé ọ̀pá pupa sókè. Láti ilé ìpín ló ti ń gbọ́ bí dígí ṣe ń dún nínú àpò gbogbo èèyàn lórí pápá, ìkíni lórí ìkíni, kò sì sí ẹnì kan tó yọ tirẹ̀ wò.

Ìgbà tó fi dé pápá, ìlà ti gùn níwájú Iyùnadé. Gbogbo ìlú fẹ́ di ọwọ́ awakọ̀ mú. Iyùnadé rí i láti òkèèrè, ó fẹ́ sáré wá, ṣùgbọ́n Fẹ̀yíntọlá mi orí, ó sì lọ dúró lẹ́yìn gbogbo wọn. Ó dúró lẹ́yìn Bámitálẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn télọ̀ oníjìbìtì náà, tó kí Iyùnadé pẹ́ tó fi kù díẹ̀ kó wọn ọrùn rẹ̀ fún aṣọ. Oòrùn ti ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ lórí àpáta kó tó kàn án.

Iyùnadé kúnlẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí mi, gbogbo ìlú ló kí mi lónìí," ni ó wí. "Àfi ẹ̀yin. Látàárọ̀ ni mo ti ń retí ohùn yín."

"Èmi ni mo pín," ni Fẹ̀yíntọlá wí, ó sì fà á dìde mọ́ àyà rẹ̀.